Ìbẹ́pẹ Abẹ́ Táńkì

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹnu yín ò mọ irọ́ pa,

Orí àga onígi yín ni mo jókòó sí ní ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Ayọ̀bọ̀ yìí. Abọ́ wà lórí itan mi, ọ̀bẹ kékeré tí ẹ fi máa ń gé èso sì wà nínú rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, mi ò sì tíì kọ ìlà kan ṣoṣo sí yín. Ohun tí mò ń sọ fún ara mi ni pé iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè. Irọ́ ni. Ìtìjú ni. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ fún yín, nípa ìbẹ́pẹ tí mo gbé wá fún yín ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ lọ, gbogbo ìgbà tí mo bá sì mú bírò ni ọwọ́ mi ń wúwo. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé fún yín ná, bóyá ọwọ́ á fúyẹ́.

Ọ̀nà wa ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ọwọ́ la fi ń gbé bàtà. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin àgbàdo sí lẹ́yìn ilé wa ti di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Onílé náà gé gbogbo igi tó bá níbẹ̀, ó fi kọnkéré ṣe gbogbo ilẹ̀, ó kù díẹ̀ kó fi kọnkéré ṣe ojú ọ̀run. Ìyá Súlíà, ayálégbé wa onídìrí, ṣì wà nínú yàrá tó kọjú sí ilé ìdáná. Ó ṣì ń sin ewúrẹ́ méjì, àwọn ewúrẹ́ náà ò sì tíì kọ́ ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ̀rọ ìránṣọ yín wà níbi tó wà. Èmi ni mò ń fi òróró sí i. Téèpù tí ẹ fi ń wọn aṣọ ṣì rọ̀ sára rẹ̀, mi ò lè gbé e kúrò.

Èmi náà ṣì wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì tó wà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n ti fi mí ṣe olórí níbi tí wọ́n ń pàtẹ èso sí. Mo mọ̀ pé inú yín ì bá dùn sí ìyẹn, ẹ ò sì ní í yé fi iṣẹ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń jẹ èso? Ẹ kì í jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Ẹ máa kọ́kọ́ bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn yín, ẹ ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga, bí ẹni tó fẹ́ wọlé ìjọsìn. Ẹ ó fọ ọ̀bẹ, ẹ ó gbóòórùn èso náà níbi ìdí tó ti já lára igi, ẹ ó gé ẹ̀là kan, ẹ ó di ojú, ẹ ó máa jẹun lọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ìdájọ́ mẹ́ta péré ló máa ń tẹnu yín jáde. Ó dùn. Ó ń gbìyànjú. Omi ni. Mi ò gbọ́ ìkẹrin rí láti kékeré mi. Ọjọ́ tí alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì gbé agbọ̀n ọsàn wá kí wa, tí ó ní kí ẹ tọ́ ọ wò níṣojú òun, ẹ di ojú, ẹ là á, ẹ ní omi ni, ẹ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn dáadáa. Màámi ní bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, àwọn ì bá wọlẹ̀. Àmọ́ alàgbà yẹn fẹ́ràn yín títí wọ́n fi kú, torí wọ́n mọ̀ pé bí ẹ bá yìn wọ́n, ìyìn ni.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni bí ẹ ṣe ń ṣe kóró wọn. Èèpo àti kóró èso tó bá jẹ́ omi, ewúrẹ́ ló ni ín. Ti èyí tó dùn, ẹ máa ń dà á sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kóró èyí tó ń gbìyànjú, ẹ máa ń dì í sínú aṣọ ìnujú, ẹ ó sá a sórí tábìlì ẹ̀rọ láàárín àwọn èérún aṣọ, ẹ ó gbìn ín. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ẹ ń ṣe é sódì ni. Ta ló máa fi èyí tó dùn sílẹ̀ kó máa gbin èyí tí kò tíì dùn? Síbẹ̀, máńgòrò ẹnu géètì wa, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń sọ òkò sí dòní, inú máńgòrò kan tó kún fún òwú tó ń há eyín ló ti wá. Ẹ gbìn ín, ẹ ń da ìgbẹ́ adìẹ sí i nídìí, ẹ ń fi téèpù wọn ìdí rẹ̀ lọ́dọọdún bí ẹni tó fẹ́ rán ṣòkòtò fún un. Lónìí, bí ó bá so, ẹni tó ń lọ lójú ọ̀nà á dúró.

Ẹ sọ ọ́ sí èmi náà lẹ́ẹ̀kan. Mo wà ní kíláàsì kẹrin, mo ṣe ipò keje, mo sáré láti ilé ìwé wá bá yín. Màámi ti ń jó. Ẹ bọ́ ìgò ojú yín, ẹ nù ún, ẹ ka káàdì èsì ìdánwò mi látòkè délẹ̀, ẹ ní, ó ń gbìyànjú. Ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù omi ni mo ti lọ sunkún. Mo fẹ́ kí ẹ sọ pé ó dùn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé àpótí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yín, ẹ fi mí jókòó, ẹsẹ̀ yín ń tẹ ẹ̀rọ, ẹ ń ka ìsọdipúpọ̀ fún mi, mo ń gbè é. Gbogbo ìsinmi yẹn la fi ṣe é. Dòní, bí mo bá fẹ́ ṣe ẹ̀jọ lọ́nà mẹ́jọ, ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo gbé ápù kan wá fún yín, ó pupa, ó ń dán, èèyàn lè fi ṣe dígí. Ẹ bọ́ téèpù. Ẹ di ojú. Ẹ ní, omi ni, omi tó wọṣọ. Mo rẹ́rìn-ín títí, torí télọ̀ nìkan ló lè bú èso báyẹn. Lọ́jọ́ mìíràn mo gbé èso àjàrà tí kò ní kóró wá. Ẹ̀yin ò bú ìyẹn. Ẹ pín in sí méjì, ẹ wá kóró nínú rẹ̀, ẹ pín òmíràn, ẹ tún wá a, ẹ wá bi mí pé ta ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wo èso náà bí ẹni ń wo àgàn.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ẹ̀yin mọ ohun tó ń ṣe àwọn èso wa ju èmi tí mò ń tà wọ́n lọ. Kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n bí kò ṣe ìkánjú. Ìbẹ́pẹ tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti já a nígbà tó ṣì le bí òkúta, kí ó má baà fara pa lọ́nà. Gbogbo wọn á rí bákan náà, bí ẹni pé inú àpótí ìyọ-búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo ni wọ́n ti yọ wọ́n. A ó kó wọn sí yàrá tútù, wọn ó máa pọ́n díẹ̀díẹ̀ níbi tí oòrùn ò sí. Àwọ̀ á bá wọn dé Ẹ̀gbẹ́dá, adùn á kù sórí igi. Oníbàárà á gbé e sókè, á bi mí pé ṣé ó dùn, èmi á ní ó dùn dáadáa. Mi ò tọ́ ọ wò. Ọmọ yín ni mí, mo sì ń dájọ́ èso láìdijú.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ẹ rántí igi ìbẹ́pẹ yín àtijọ́, èyí tó wà ní igun bálùwẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e. Mo fẹ́ gbé táńkì omi síbẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí ẹ máa fa omi nínú kànga mọ́ pẹ̀lú ọjọ́ orí yín. Ẹ ò jiyàn. Ẹ kàn fi téèpù wọn kùkùté rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún omi. Nítorí náà, nígbà tí àìsàn dé, tí oúnjẹ kọ̀ yín, tí ẹ wá sọ ní àárọ̀ ọjọ́ kan pé ìbẹ́pẹ ni ọkàn yín fẹ́, kò sí ìkankan nínú ọgbà tí ẹ fi gbogbo ayé yín gbin èso sí.

Mo ṣèlérí fún yín pé màá mú un bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lójú ọ̀nà Ìpájà, mo kọjá lára obìnrin kan tó kó ìbẹ́pẹ sínú bárò. Bàbá mi, kí n tó rí i ni mo ti gbóòórùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wọ́, wọ́n ní àmì dúdú lára, ẹyẹ ti tọ́ ọ̀kan wò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé èyí tí ẹyẹ bá ti tọ́ wò ni kí n mú, pé ẹyẹ kì í ná owó dànù nítorí kò ní in. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì kọjá. Ìbẹ́pẹ kan ti wà nínú báàgì mi láti ibi iṣẹ́, ó gún, ó mọ́ láti orí dé ìdí, mo sì rò pé èyí ló yẹ bàbá mi tó ń ṣàìsàn. Ìgbà tí mo dé ẹnu géètì ni mo rántí omi tó wọṣọ. Mo ṣí sítíkà rẹ̀ kúrò, mo ká a mọ́ ọwọ́, mo jù ú sí gọ́tà. Mo wọlé, mo sọ fún yín pé inú bárò lójú ọ̀nà Ìpájà ni mo ti rà á.

Mo purọ́ fún yín lórí ibùsùn àìsàn.

Ẹ̀yin gbóòórùn rẹ̀ pẹ́. Mo fi ìrọ̀rí tì yín lẹ́yìn, mo gé e fún yín. Ẹ di ojú. Mo dúró bí mo ṣe dúró lọ́jọ́ káàdì. Ẹ la ojú, ẹ wò mí, ẹ ṣúre fún mi, ẹ tún jẹ ẹ̀là kejì, ẹ jẹ ẹ̀kẹta. Ẹ ò dájọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí ẹ jẹ èso tí ẹ ò dájọ́. Ẹ kàn fi ọwọ́ kó kóró rẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ àwo, ẹ ní kí n bá yín gbé e sórí tábìlì ẹ̀rọ. Mo gbé e síbẹ̀, mo lọ jẹ ìyókù nínú ilé ìdáná. Omi ni. Ọjọ́ kẹrin, ẹ lọ.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn látìgbà náà. Adùn kan ṣoṣo tí bàbá mi tọrọ kó tó kúrò láyé, omi àti irọ́ ni mo fi dá a lóhùn. Ṣé ẹ mọ̀? Àbí àìsàn ti ba ahọ́n yín jẹ́? Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo ń gbàdúrà pé kí ó jẹ́ pé àìsàn ti bà á jẹ́. Irú ọmọ wo ló ń gbàdúrà báyẹn nípa ahọ́n bàbá rẹ̀?

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, mo wálé lọ́jọ́ Sátidé kan. Mi ò tíì dé ẹ̀yìnkùlé láti ìgbà tí ẹ ti lọ, torí igun táńkì yẹn ò rọrùn fún mi láti wò. Mo rí igi ìbẹ́pẹ kan lábẹ́ táńkì, níbi tí omi ti máa ń jò, ó ti ga jù mí lọ, èso ti yí ọrùn rẹ̀ ká. Mo pe Ìyá Súlíà, mo bi í pé ta ló gbìn ín. Ó fi òwú tó fi ń dirun sílẹ̀, ó wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé.

“Àntí, ẹ̀yin náà kẹ̀? Bàbá ló fún mi ní kóró ẹ̀ nígbà tí ara wọn ò yá. Wọ́n ní ìbẹ́pẹ ṣọ́ọ̀bù ọmọ àwọn ni, pé ojú ọ̀nà ni ọmọ àwọn sọ pé òun ti rà á. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín ṣá. Wọ́n ní kí n gbìn ín síbi tí táńkì ti ń jò, kí n má jẹ̀ẹ́ kí ewúrẹ́ mi débẹ̀. Mo rò pé ẹ mọ̀.”

Mẹ́ta ló hù, ó ní. Ọ̀kan jẹ́ akọ, ó fà á tu. Ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ ìkejì. Ó ti ń bẹ̀ mí nítorí ìyẹn látọjọ́ náà, ó sì ń bẹ ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì í.

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á fi bá a; tèmi ò tilẹ̀ rìn kọjá ẹ̀là àkọ́kọ́. Ẹ mọ̀, ẹ ò sì fẹ́ dójú tì mí. Ẹ̀yin tí ẹ sọ òótọ́ lójú alàgbà, ẹ pa òótọ́ mọ́ sẹ́nu nítorí mi, ẹ wá lọ fi rẹ́rìn-ín níwájú ayálégbé. Lẹ́yìn tí mo sunkún tán ni ọ̀rọ̀ kóró sọ sí mi lọ́kàn. Bí ó bá jẹ́ omi ni, ewúrẹ́ ni ì bá ni kóró rẹ̀. Ẹ ò fún ewúrẹ́. Ẹ gbìn ín, ní igun tí mo ti gé tiyín. Kí lẹ rí nínú ìbẹ́pẹ yẹn tí èmi ò rí, Bàbá mi? Ṣé òun lẹ tọ́ wò, àbí èmi?

Àtọjọ́ náà ni ẹnu mi ti ń kọ irọ́ níbi iṣẹ́. Ní oṣù tó kọjá, ìyá àgbàlagbà kan láti Gowon Estate gbé ìbẹ́pẹ sókè, wọ́n bi mí pé ṣé ó dùn. Mo ní, “Ó ń gbìyànjú, mà.” Wọ́n rẹ́rìn-ín débi tí wọ́n fi di agbọ̀n mú, wọ́n gbé e padà síbi tó wà, wọ́n ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá mi gbọ́, ó pè mí sí ọ́fíìsì, mo sì rò pé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, nípa oòrùn, nípa ẹyẹ, nípa yín. Mo ní kí ó jẹ́ kí n máa ra èso tó gbó sórí igi lọ́wọ́ àwọn tó ṣì ń dáko ní apá Ìgàndó, kò báà wọ́, kò báà lámì. Agbọ̀n kan ló gbà mí láyè, ní ìpẹ̀kun tábìlì, níbi tí kò ti ní í ba ẹwà ṣọ́ọ̀bù jẹ́. Ó máa ń tán kí ọjọ́ tó rọ̀. Mo máa ń di ojú tọ́ ọ wò lárààárọ̀ kí n tó pàtẹ rẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì rò pé àdúrà ni mò ń gbà.

Ní báyìí, ìbẹ́pẹ abẹ́ táńkì ti pọ́n. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń pọ́n lẹ́rẹ̀kẹ́ kan, Ìyá Súlíà sì ń bi mí pé kí ni mò ń dúró dè. Ẹyẹ ni mò ń dúró dè. Ó dé láàárọ̀ yìí, ó tọ́ ọ wò, ó padà wá pẹ̀lú ìkejì rẹ̀. Mo já a. Kò gún, ó fẹ̀ lápá kan ju ìkejì lọ, sítíkà ò lè dúró lára rẹ̀. Mo pín in sí méjì kí n tó fi kan ẹnu, torí ẹ kì í jẹ́ kí onígi dá jẹ èso àkọ́so, mo gbé ìdajì fún Ìyá Súlíà. Ó ní èèpo tirẹ̀ ò ní í dé ọ̀dọ̀ ewúrẹ́ láéláé.

Mo ti bọ́ téèpù yín kúrò lára ẹ̀rọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wà lẹ́yìn àga tí mo jókòó sí yìí. Mo fọ ọ̀bẹ. Mo gbóòórùn rẹ̀ níbi ìdí. Mo gé ẹ̀là kan, mo di ojú.

Kì í ṣe omi, Bàbá mi. Kò sì tíì dé ibi tí ìbẹ́pẹ yín àtijọ́ dé. Mo jẹ ẹ̀là kejì, kí n má baà tún purọ́ fún yín, mo jẹ ẹ̀kẹta. Ó ń gbìyànjú. Mo ti sá kóró rẹ̀ sórí tábìlì ẹ̀rọ yín.

Ẹ bá mi kí Màámi tí wọ́n ṣáájú yín lọ. Ẹ sọ fún wọn pé mo ti sunkún lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù tán.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ gbìn, tí ó ṣì ń gbìyànjú.